Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn fún ẹni tí jùdò ti gba gbogbo àyè rẹ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá

Ní gbọ̀ngàn kékeré tí à ń lò lágbègbè Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, jùdò la fi pilẹ̀, ìyẹn ìjàkadì àwọn ará Japan, níbi tí a ti ń di ara wa láṣọ mú láti gbé ara wa ṣubú. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni, láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje. Láti ìgbà tí a ti fi ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀ kún un ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu èèyàn, títí kan àwọn tó kàn ń yọjú wò wá láti ojú fèrèsé. Mo kó èyí tó ń wá jù jọ síbí. Èmi tí mò ń kọ ọ́ kì í ṣe akànṣẹ́. Ẹni jùdò ni mí, mo sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ bíi tiyín, nítorí náà ẹ má retí kí n sọ yín di ọ̀gá lágbo ẹ̀ṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni jùdò ń gbà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ àti ilé ló gba ìyókù. Ibo ni ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ gbà wọlé?

Ẹ má wá ọjọ́ kẹrin fún un. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ní "Sátidé ni màá máa fi ṣe ẹ̀ṣẹ́" ni Sátidé já kulẹ̀. Ní Òṣogbo níbí, ta ló ni Sátidé ara rẹ̀? Bí kò bá sí ìgbéyàwó, ìsìnkú á wà. Bí kò bá sí ìsìnkú, wọ́n á sọmọ lórúkọ. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá sí, ẹ̀gbọ́n kan á pè yín pé kí ẹ wá bá òun kẹ́rù.

Ohun tí àwa ṣe ni pé a ya ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ní kété tí ara bá ti móoru, kí a tó di ara wa mú. Ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ó jọ ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí 26 ni láàárín ọdún kan. Ká tiẹ̀ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún àìsàn, òjò àti ọdún, ó ṣì ku 23. Ẹni tó ń dúró de Sátidé tó máa ṣí sílẹ̀ kì í rí wákàtí márùn-ún.

Ìbẹ̀rẹ̀ la fi sí, a ò fi sí ìparí, nítorí ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan tuntun. Lẹ́yìn wákàtí kan tí ẹ ti ń fa ara yín ní kọ́là, apá á wúwo, ọwọ́ á máa yọ̀ kúrò lẹ́bàá àgbọ̀n. Àṣìṣe tí èèyàn bá sì ń ṣe nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ ni ara á gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìparí la fi sí. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi kọ́ ara wa bí a ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ nílẹ̀, ó sì tó oṣù mẹ́rin mìíràn kí a tó gbàgbé rẹ̀.

Kí lẹ wá yọ kúrò? Wákàtí ṣáà ò gùn sí i.

Sísáré yípo gbọ̀ngàn. Tẹ́lẹ̀, à ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 sáré, a sì ń ṣe púṣọ́ọ̀pù bí ẹni pé ọmọ ogun ni wá. Mo mọ̀ pé inú àwọn kóòṣì àtijọ́ ò ní dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kan ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ dáadáa, òógùn á ti bo ojú rẹ̀, ó sì ti kọ́ nǹkan pọ̀ mọ́ òógùn náà. Ibi kan tí ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹ fọ́ èjìká, kò sì sí ẹ̀ṣẹ́ tó lè dípò rẹ̀.

Jùdò tí mo mọ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ́. Ṣé ẹ ò máa ba eré ọlọ́eré jẹ́?

Nínú ìdíje, kò sí ẹ̀ṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Jigoro Kano, tó dá Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, kò lé ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, ìyẹn fífi ẹsẹ̀ gbá èèyàn, jáde pátápátá. Ó fi wọ́n sínú kata, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí ẹni méjì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá yẹn ni wọ́n ń pè ní atemi. Ohun tó yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni ìjà àfidánrawò, kí àwọn èèyàn lè máa fi gbogbo agbára gbé ara wọn ṣubú láìfọ́ ojú ara wọn.

Ìjàkadì tiwa náà kò gba ẹ̀ṣẹ́. Bí ẹ bá gbá èèyàn lójú láàárín agbo gídígbò, ìlù á dákẹ́, ẹ ti di jàgùdà nìyẹn. Àwọn Hausa ló ní dambe, ẹ̀ṣẹ́ ìbílẹ̀ tiwọn: ọwọ́ kan tí wọ́n fi okùn wé ni ọ̀kọ̀, ọwọ́ kejì ni asà. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe pín in yẹn, ó sì wúlò fún wa, màá padà sí i.

Ìdí tí a fi fi ẹ̀ṣẹ́ kún tiwa kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó ń ṣe jùdò nìkan máa ń nawọ́ méjèèjì síwájú rìn wọnú ẹ̀ṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bó bá ṣe ẹni jùdò ló wà níwájú rẹ̀, kò burú. Bó bá ṣe ẹlòmíràn, eyín lè jáde.

Oríṣi ẹ̀ṣẹ́ mélòó ló yẹ kí n kọ́?

Méjì. Ẹ̀ṣẹ́ òsì tó ń ṣáájú, èyí tí wọ́n ń pè ní jáàbù, àti ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tó ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ gbọ́ èyí. Wọ́n ti rí ẹni tó ń fò yípo lórí fóònù, wọ́n fẹ́ fi gìgísẹ̀ gbá èèyàn létí lọ́jọ́ kejì. Ìpá gíga ń jẹ àkókò: ìbàdí gbọ́dọ̀ là, ẹsẹ̀ tó dúró gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe ń yí, ìṣẹ́jú 30 lọ́sẹ̀ ò sì lè bọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan níwájú ẹni jùdò, ó ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ní ti jáàbù, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ asà àti ọ̀kọ̀. Ọwọ́ òsì ni asà yín, òun náà ni ọ̀pá tí ẹ fi ń wọn ilẹ̀. Kò pọn dandan kó dun ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún yín bí ẹni yẹn ṣe jìnnà tó, kó sì dí i lójú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀tún ni ọ̀kọ̀. Ibi tí ẹni jùdò ti yàtọ̀ sí akànṣẹ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ yẹn: ọwọ́ akànṣẹ́ á padà sí àgbọ̀n, tiyín lè má padà. Ó lè kọjá lọ sẹ́yìn ọrùn ẹni náà, kí òsì di apá rẹ̀ mú, ẹ ti dé ilé nìyẹn, ibi tí ẹ mọ̀ jù.

Bí ẹ bá ní kí n fi ìpá kan kún un, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti èèyàn níkùn sẹ́yìn, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tó há. Ó tán.

Kí gan-an lẹ ń ṣe nínú ìṣẹ́jú 15 yẹn?

Ráúǹdì mẹ́ta bíi ti àwọn akànṣẹ́: ìṣẹ́jú mẹ́ta iṣẹ́, ìṣẹ́jú kan ìsinmi. Fóònù ẹnì kan ló ń ka àkókò. Kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù ni kí kálukú ti wé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wé ọwọ́ nígbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ nínú ìṣẹ́jú tirẹ̀ nìyẹn.

Ráúǹdì kìíní, afẹ́fẹ́ la ń kàn. Mo máa ń ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn ju ọwọ́ lọ: ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ lọ síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, wọn kì í pàdé. Ìkejì, ẹnì kan á ki sálúbàtà ilé ìwẹ̀ bọ ọwọ́ méjèèjì, ẹnì kejì á máa kan án. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sálúbàtà rọ́bà tó nípọn ṣe é gbá dáadáa, ó sì wà nílé gbogbo èèyàn. A ti ra páàdì gidi báyìí, síbẹ̀ àwọn kan ṣì fẹ́ràn sálúbàtà.

Ráúǹdì kẹta ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ la sì ń fi ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́ kù sí. Ẹnì kan á ju jáàbù wá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rìn lójú oorun. Ẹnì kejì á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé ẹsẹ̀ wọlé, á di í mú, orí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n ẹni yẹn. A dúró níbẹ̀, a ò gbé e ṣubú. A tú, a tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti mọ́ ara, a fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tẹ̀ lé jáàbù. Tí ìyẹn náà bá mọ́ra, ẹni tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ lè máa rìn sẹ́yìn. Èmi ò mọ nǹkan mìíràn tí ẹni tí kò ní àkókò lè ṣe tó máa wúlò fún un tó èyí. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ ní, ẹ fo ìyókù, kí ẹ ṣe é.

Bàágì ẹ̀ṣẹ́ wọ́n. Ṣé a lè ṣe é fúnra wa?

Ẹ lè ṣe é. Àpò ìrẹsì oní-50 kílò méjì, ẹ ki ọ̀kan bọnú èkejì. Ẹ lọ bá télọ̀ àdúgbò yín pé kó bá yín pa àjákù aṣọ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta. Inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ bá àwọn kó o lọ. Ìlú aró la wà, àjákù aṣọ ò lè wọ́n wa. Ẹ yọ bọ́tìnì àti síìpù kúrò, ẹ gé èyí tó gùn wẹ́wẹ́, kí ẹ sì máa fi ọmọ odó kì í mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń rọ ọ́ sínú. Bí ẹ ò bá kì í, láàárín oṣù kan gbogbo rẹ̀ á ti rọ̀ wálẹ̀, òkè á ṣófo, ìsàlẹ̀ á le bí òkúta.

Ẹ má rọ iyanrìn sí i. Mo ti ṣe é rí, mo rò pé mo gbọ́n, torí iyanrìn kò wọ́n mi. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò lè ṣí ìdérí ìgò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọrùn ọwọ́ mi fi wú, jùdò náà sì dúró.

Ẹ̀ka máńgòrò tó nípọn dára fún gbígbé e kọ́. Tó bá jẹ́ ilé àyágbé lẹ wà, ẹ bá láńlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kan ohunkóhun mọ́ igi òrùlé rẹ̀. Ariwo bàágì ń gba inú ògiri lọ jìnnà, àwọn ará ilé á rò pé ẹ ń lu ìyàwó.

Ọwọ́ mi máa ń dùn mí lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́. Kí ló fà á?

Bóyá bí ẹ ṣe ń di ìkùùkù ni. Oríkèé ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ti ìka àárín ló yẹ kó kan nǹkan, kí ọrùn ọwọ́ sì tọ́ gbọnrangandan. Egungun tó wà nídìí ọmọńdinrín tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló máa ń kán bí ẹni tí kò kọ́ ẹ̀ṣẹ́ bá fi ìbínú gbá ògiri tàbí orí èèyàn, ó sì wọ́pọ̀ débi pé àwọn dókítà fi orúkọ akànṣẹ́ pe irú kíkán bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa wé ọwọ́. Aṣọ ìwéwọ́ tó gùn tó mítà mẹ́rin ààbọ̀ ló dára jù fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n bándéèjì tó ń fà, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Ẹni jùdò tún ní ìṣòro tirẹ̀: fífa aṣọ ti ń na ìka rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìka bá ti wú láti Ọjọ́ Ẹtì, ẹ má gbá bàágì lọ́jọ́ Ajé. Ẹ kan afẹ́fẹ́, ẹ ṣe ẹsẹ̀.

Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wa gidi?

Ẹ máa bínú sí mi lórí èyí, àmọ́ oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ́ sí orí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa. Èjìká àti ikùn là ń fọwọ́ kàn, ọwọ́ ṣíṣí ni. Bàágì lè gbà á, ọpọlọ ò lè gbà á. Iṣan a máa le sí i bí a bá ṣe ń lò ó, ọpọlọ kì í le sí i nítorí pé à ń lù ú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá wù lè ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ oní-16 áúǹsì àti ààbò eyín, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé. Díẹ̀díẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bí ìjà bá ti wọ ojú ẹnì kan, mo dá a dúró, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Bí orí ẹnikẹ́ni bá gba nǹkan, tí òòyì wá ń kọ́ ọ, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ṣú tàbí tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti parí fún un lọ́jọ́ yẹn. Kò ní padà sórí máàtì, kódà bó ní ara òun ti yá. Jùdò náà kò sí, torí ìṣubú ń mi orí. Kó rí dókítà, kó sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì ó kéré tán, kó sì padà ní ìpele ìpele. Bó bá ń bì léraléra, tó ń sùn lọ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, ẹ má fi àgbo dán an wò, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ṣé ẹni tó fi ìjàkadì bẹ̀rẹ̀ lè mọ ẹ̀ṣẹ́ kàn láéláé?

Kamaru Usman, ọmọ tí wọ́n bí ní Auchi, ìjàkadì ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gba ipò kìíní nínú ìjàkadì àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà, ní ìpele kejì, lọ́dún 2010, kó tó gba bẹ́líìtì UFC, ìdíje ìjà àdàlù tó gba ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀, lọ́dún 2019. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ló fi dá Jorge Masvidal dùbúlẹ̀ ní ráúǹdì kejì. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún lásán ni, èyí tí à ń kọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjà ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kò sí ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbẹ́rẹ́ tó ń retí rẹ̀ láago mẹ́jọ.

Ìgbà tí ó sì pàdánù bẹ́líìtì náà sọ́wọ́ Leon Edwards lọ́dún 2022, ìpá tó gbà lórí ló dá a dùbúlẹ̀, ní ráúǹdì tó kẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́?

Èmi náà ń gbà á, ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà á. A máa ń sún ẹ̀ṣẹ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ṣáájú ìṣínu: afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ nìkan, kò sí bàágì, kò sí dídi ara ẹni mú pẹ̀lú agbára. Bí ó bá tán, omi ti wà nítòsí. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀yìn àsámù, ìrun alẹ́ inú ààwẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa jí jẹ sààrì, oorun ò sì ní tó wọn. Ẹni tí òòyì bá kọ́, kó jókòó. Kò sẹ́ni tó ń fún wa ní àmì ẹ̀yẹ.

Oṣù tí ọdún Òṣun bá bọ́ sí, mi ò lè dé Òkè-Fìà. Ṣé gbogbo rẹ̀ ò ní ṣòfò?

Kò ní ṣòfò. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí èrò bá kún ìlú, àwa náà mọ̀ pé ìdajì yín ò ní lè dé. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kan afẹ́fẹ́ níwájú dígí kí ẹ tó wẹ̀ láàárọ̀. Àyè tó tó ẹní kan ti tó, kò sì nílò iná.

Ọmọbìnrin mi pé ọdún 13, ó fẹ́ ṣe é. Ìyá rẹ̀ ní kí n má tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Bàbá, ẹ mú ìyá wá wò ó. Ẹ má bá a jiyàn nílé. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa kan ẹ̀ṣẹ́ sórí ọmọ lọ́dọ̀ wa, bó ti wù kó dàgbà tó láàárín àwọn ọmọdé. Ẹ lè fi kún un pé láti London 2012 ni ẹ̀ṣẹ́ àwọn obìnrin ti wà nínú Òlíḿpíìkì, àti pé obìnrin, Blessing Oborududu, ló gba fàdákà ìjàkadì fún Nàìjíríà ní Tokyo. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní yí i lọ́kàn padà tó ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí. Ìyá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ká ọwọ́ mọ́yà, kò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ṣe tán, ó ní, "Ṣé ohun tí ẹ ń fi sálúbàtà ṣe náà nìyí?" Ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń wọlé?

Ẹ ò ní dijú mọ́ bí ọwọ́ bá ń bọ̀. Ìyẹn ló ń kọ́kọ́ dé, bóyá ní oṣù kejì tàbí ìkẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ óò rí i pé ẹ kì í fà sẹ́yìn tààrà mọ́, ẹ̀gbẹ́ lẹ ń bọ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Àbúrò wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹni tó máa ń fi ojú gba gbogbo nǹkan, ẹnì kejì rẹ̀ ju jáàbù sí i lọ́jọ́ kan láìkìlọ̀. Kí a tó mọ̀, ó ti wà lẹ́yìn ẹni yẹn, ó ti gbá a mọ́ra níbàdí. Ó ní òun ò tiẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ́ kankan.

Kí ni kí n mú dání bí mo bá fẹ́ wá?

Tówẹ̀lì, omi, bándéèjì méjì, àti sálúbàtà rọ́bà tó ti gbó. Ẹ gé èékánná yín kí ẹ tó kúrò nílé.